Village People: Bí Ẹgbẹ́ Olórin Ilé Ijó Ṣe Gòkè, àti Ohun Tí Ó Wó Wọn Lulẹ̀

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kíní ọdún 2025, nígbà tí ó ku ọ̀la kí wọ́n búra fún Donald Trump, ẹgbẹ́ olórin Village People gun orí pèpéle ní gbọ̀ngàn ńlá kan ní Washington, wọ́n kọ "Y.M.C.A.", ẹni tí wọ́n fẹ́ búra fún náà sì dúró láàárín wọn, ó ń jó. Ní oṣù tí ó ṣáájú, Victor Willis, ẹni tí ó ń lé orin ẹgbẹ́ náà, ti kọ ọ́ sójú Facebook pé orin náà kì í ṣe orin àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, àti pé bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kíní, ìyàwó òun yóò máa pe iléeṣẹ́ ìròyìn tí ó bá pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ka ìtàn orin ijó Amẹ́ríkà yóò rí i pé inú ilé ijó àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ní New York ni èrò ẹgbẹ́ náà ti wá, àti pé àwọn tí ń jó níbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe orin rẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ méjèèjì dà bí ẹni pé wọn kò lè jọ jẹ́ òótọ́. Èrò tèmi ni pé òótọ́ pọ̀ nínú méjèèjì, àti pé ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ náà ṣe di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín ọdún méjì, tí ó sì wó láàárín ọdún kan.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé wa, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ilé ijó jẹ́ fún irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Títí di ìparí àwọn ọdún 1960, ọlọ́pàá New York lè já wọ ilé ọtí tí wọ́n bá gbọ́ pé wọ́n ń péjọ sí, kí wọ́n kó wọn, kí iṣẹ́ sì ti ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ijó lásán tí ọkùnrin bá bá ọkùnrin jó tó ohun tí wọ́n lè fi ti ènìyàn mọ́lé. Ní òru ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1969, nígbà tí ọlọ́pàá já wọ ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Stonewall Inn ní òpópónà Christopher, ní àdúgbò Greenwich Village, àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ kò gbà, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó rọlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọwọ́ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀, tí àwọn ilé tí ọkùnrin ti lè bá ọkùnrin jó láìsá fún ẹnikẹ́ni sì ń pọ̀ sí i.

Nínú irú àwọn ilé ijó wọ̀nyí ni orin dísíkò ti dàgbà. Àwọn adúláwọ̀, àwọn ọmọ Puerto Rico àti àwọn aláwọ̀ funfun ń jó pọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà, DJ a sì máa so àwo orin kan mọ́ òmíràn kí ìlù má baà dá títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tí àwọn oníṣòwò orin wá kíyè sí ni pé ilé ijó jẹ́ ọjà tí kò dúró de rédíò. Bí DJ bá fẹ́ràn àwo kan, àwọn tí ó jó sí i lóru yóò wá a kiri ìsọ̀ olórin nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kódà bí rédíò kankan kò bá tíì gbé e sáfẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ tún wà níbẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fojú fò. Èébú tí ayé ń bú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni pé wọn kì í ṣe ọkùnrin pípé. Ní àárín àwọn ọdún 1970, púpọ̀ nínú wọn ní New York àti ní San Francisco fi aṣọ dá èébú náà lóhùn. Wọ́n dá irunmú sí, wọ́n wọ ṣòkòtò jíǹsì tí ó lẹ̀ mọ́ ara pẹ̀lú bàtà ńlá àwọn òṣìṣẹ́, àwọn kan wọ awọ dúdú bíi ti àwọn tí ń gun alùpùpù, àwọn mìíràn dé akoto àwọn tí ń kọ́lé tàbí àkẹtẹ̀ àwọn darandaran orí ẹṣin. Gbogbo àwòrán akọni ọkùnrin tí sinimá Amẹ́ríkà ti ń gbé jáde láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n gbé wọ̀. Ẹni tí ó wà nínú ilé ijó mọ ohun tí aṣọ náà ń wí. Ẹni tí kò débẹ̀ rí yóò kàn rí ọlọ́pàá, darandaran àti ọmọ ogun, àwọn ènìyàn tí ọmọdé pàápàá ti mọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n.

Àwọn tí ó rí ọ̀nà ajé nínú aṣọ tí ó ń sọ̀rọ̀ lọ́nà méjì yìí ni Jacques Morali àti Henri Belolo, ará Faransé méjì tí wọ́n bí sí Casablanca ní ilẹ̀ Morocco. Morali ni ó ń ṣe orin, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Belolo ni ó ń bójú tó òwò, tirẹ̀ kò sì rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ náà, nítorí wọ́n ti gbé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan tí ń jẹ́ Ritchie Family jáde ní 1975, orin wọn sì ti gbilẹ̀ nínú ilé ijó. Bí Belolo ṣe máa ń ròyìn rẹ̀, ìró ṣaworo ni wọ́n tẹ̀ lé ní Greenwich Village. Ẹni tí ṣaworo wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni Felipe Rose, oníjó tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Lakota, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Puerto Rico, ó sì múra pẹ̀lú ìyẹ́ ẹyẹ bí àwọn ènìyàn bàbá rẹ̀. Nínú ilé ijó tí ó ti ń jó, ọkùnrin kan tí ó múra bíi darandaran dúró, ó ń wò ó. Morali wo àwọn méjèèjì, ẹgbẹ́ olórin sì wá sí i lọ́kàn. Láti ara orúkọ àdúgbò yẹn ni wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kò tíì sí rárá, ibẹ̀ sì ni ìdàrúdàpọ̀ tí ó wà títí di òní ti bẹ̀rẹ̀. Àwo àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ Village People, tí Casablanca Records, iléeṣẹ́ orin Neil Bogart ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1977, ohùn ènìyàn kan ṣoṣo ni ó dúró lé. Ẹni náà ni Victor Willis, adúláwọ̀, ọmọ oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, tí ó ti ń ṣeré orí ìtàgé ní Broadway. Àwọn elégbè tí wọ́n háyà ni ó gbe orin lẹ́yìn rẹ̀, Horace Ott sì ni ó bá wọn to ohùn àwọn èlò orin. Orin mẹ́rin péré ni ó wà nínú àwo náà, nípa San Francisco, Hollywood, Fire Island àti Greenwich Village, àwọn ibi tí àwọn oníjó wọ̀nyẹn mọ̀ tàbí tí ọkàn wọn ń fà sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí àwòrán wọn wà lára páálí àwo náà kò kọ orin kankan. Ẹni tí wọ́n sanwó fún kí wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀ ni wọ́n.

Àwo náà tà. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pe ẹgbẹ́ tí kò sí pé kí ó wá ṣeré. Ìgbà náà ni Morali àti Belolo polówó pé àwọn ń wá ọkùnrin tí ìrísí rẹ̀ le bí akọ, tí ó mọ ijó jó, tí ó sì ní irunmú. Bí wọ́n ṣe di mẹ́fà nìyẹn: Willis nínú aṣọ ọlọ́pàá, Rose nínú aṣọ àwọn ènìyàn bàbá rẹ̀, Alex Briley bí ọmọ ogun, David Hodo bí òṣìṣẹ́ tí ń kọ́lé, Randy Jones bíi darandaran, àti Glenn Hughes, tí ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní ọ̀nà abẹ́ omi kan ní New York tẹ́lẹ̀, nínú awọ dúdú àwọn alùpùpù. Ẹ̀yìn tí àwo ti jáde ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ara fún un.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ yára. Nínú àwo kejì, tí ó jáde ní 1978 pẹ̀lú orin "Macho Man", Willis fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ orin, ohun kékeré tí yóò wá di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ ní ọgbọ̀n ọdún ó lé lẹ́yìn náà. "Y.M.C.A." jáde ní ìparí ọdún kan náà. Ó dé ipò kejì ní Amẹ́ríkà, ó gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí iye tí wọ́n tà ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ní oṣù Kíní ọdún 1979, wọ́n kọ ọ́ lórí ètò tẹlifíṣọ̀n Dick Clark, àwọn ọ̀dọ́ tí ó wá wòran sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá ya lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí orin náà ṣe ń pè wọ́n. Ijó tí gbogbo ayé mọ̀ yìí, lọ́wọ́ òǹwòran ni àwọn olórin ti kọ́ ọ. "In the Navy" tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà yá wọn ní ọkọ̀ ogun USS Reasoner ní San Diego kí wọ́n fi ya fíìmù orin náà, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn náà yóò lè fi orin ọ̀hún pe ọ̀dọ́ sí iṣẹ́ ogun. Nígbà tí àríwísí pọ̀, wọ́n pa ìpolówó náà tì.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí "Y.M.C.A.", nítorí ibẹ̀ ni ohun tí ó ń rú àwọn ènìyàn lójú ti hàn jù. YMCA ni ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Kristẹni, tí ó wà ní Èkó pẹ̀lú. Ní àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, ó ní yàrá tí owó rẹ̀ kò wọ́n, omi ìwẹ̀dò àti gbọ̀ngàn eré ìdárayá, nítorí náà ibẹ̀ ni ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìlú kékeré, tí kò ní ẹbí tí yóò gbà á sílé, máa ń wọ̀ sí. Láàárín irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí ilé wọn ti lé jáde nítorí ẹni tí ọkàn wọn fẹ́, ó sì ti pẹ́ tí irú wọn ti ń pàdé ara wọn níbẹ̀. Willis sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ adúláwọ̀ inú ìlú ni òun kọ, àwọn tí ń lọ gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń rí ibi sùn. Mo gbà á gbọ́. Kò sí gbólóhùn kan nínú orin náà tí ó ta ko ohun tí ó sọ. Ṣùgbọ́n Morali, tí ó ní èrò orin náà, mọ ilé YMCA tí ó wà ní òpópónà 23 ní Manhattan, ó sì mọ ohun tí orúkọ náà yóò sọ fún àwọn tí ó kọ́kọ́ ra àwo òun. Ọmọ tí a lé kúrò nílé àti ọmọ tí ó kàn fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lè jọ gbọ́ orin kan náà, kí olúkúlùkù gbọ́ tirẹ̀ láìsí irọ́ níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó béèrè bóyá ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni Village People ti béèrè ju ohun kan lọ. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó ronú rẹ̀ àti àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún ni ó ń béèrè, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ó dúró lórí ìtàgé, wọ́n pín: Rose àti Jones ti sọ ọ́ fúnra wọn pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn jẹ́, ṣùgbọ́n ní àkókò náà gan-an, Willis ni ọkọ òṣèré tí ayé wá mọ̀ sí Phylicia Rashad. Bí ó bá sì jẹ́ àwọn tí ó ra àwo jù lọ, àwọn òbí àti ọmọ wọn ni, tí wọn kò mọ nǹkan kan nípa ilé ijó Greenwich Village.

Nígbà tí àwọn oníròyìn bá béèrè, àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ náà máa ń rí i pé ìdáhùn kò ṣe tààrà. Owó wà nínú ìdákẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà wà níbẹ̀. Ní 1977, Anita Bryant, olórin tí ayé mọ̀, darí ìpolongo tí ó fagi lé òfin tí ó dáàbò bo irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Dade ní Florida. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1978, bí "Y.M.C.A." ṣe ń gòkè, wọ́n yìnbọn pa Harvey Milk, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú San Francisco tí kò fi irú ẹni tí ó jẹ́ pamọ́. Mi ò lè dá ẹni tí ó dákẹ́ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ lẹ́bi pátápátá. Àmọ́ Sylvester, tí òun náà ń kọ dísíkò ní San Francisco ní ọdún kan náà, kò dákẹ́. Aṣọ tí ó wù ú ni ó wọ̀, ó sì sọ ẹni tí ó jẹ́. Kò rí tà tó Village People, ṣùgbọ́n àwọn oníjó kò fi í sílẹ̀. Àwọn tí ó ra àwo 1977 rí ìyàtọ̀ náà, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn tí ó wọ aṣọ wọn di olówó kò fẹ́ pe orúkọ wọn.

Ààrò mẹ́ta ni kì í jẹ́ kí ọbẹ̀ dànù, mẹ́ta náà ni ẹgbẹ́ yìí dúró lé: ìfẹ́ àwọn oníjó tí ó gbé wọn sókè, ohùn àti kíkọ Willis, àti ọjà dísíkò tí àwọn iléeṣẹ́ orin ń da owó sí. Láàárín ọdún kan, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀.

Ọjà náà ni ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1979, Steve Dahl, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò kan ní Chicago, pe àwọn ènìyàn wá sí pápá Comiskey Park láàárín ìdíje bésíbọ́ọ̀lù méjì, kí wọ́n mú àwo dísíkò tí òun yóò fi ohun abúgbàù fọ́ túútúú dání. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó wá. Lẹ́yìn ìbúgbàù náà, wọ́n ya wọ orí pápá, wọ́n bà á jẹ́ débi pé ìdíje kejì kò lè wáyé mọ́. Vince Lawrence, ọmọ adúláwọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní pápá náà lọ́jọ́ yẹn, tí ó sì wá di ọ̀kan nínú àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ orin house ní Chicago, sọ pé púpọ̀ nínú àwo tí wọ́n kó wá kì í ṣe dísíkò rárá, orin adúláwọ̀ lásán ni. Ẹ̀rí rẹ̀ ṣe pàtàkì sí mi, nítorí àwọn kan ṣì ń sọ pé orin tí ó sú aráyé lásán ni ọ̀rọ̀ náà. Orin lè sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí orin sú a máa pa rédíò rẹ̀ ni. Ìkórìíra tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí wọ́n mọ̀ pé orin náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Láàárín oṣù díẹ̀, rédíò ti ń sá fún dísíkò, àwọn iléeṣẹ́ orin sì ń fi orúkọ mìíràn pe ohun kan náà.

Ní ìparí ọdún yẹn, bí wọ́n ṣe ń múra fíìmù sílẹ̀, Willis kúrò. Ray Simpson, àbúrò olórin obìnrin Valerie Simpson, bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó mọ orin kọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ́ yí ohùn ẹnìkan ká kì í rọrùn láti pààrọ̀ ohùn náà, pàápàá nígbà tí ẹni náà bá tún jẹ́ akọ̀wé ọ̀rọ̀ wọn.

Fíìmù náà, "Can't Stop the Music", jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1980. Allan Carr ni ó gbé e kalẹ̀, Nancy Walker sì ni olùdarí. Ìtàn bí ẹgbẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ohun tí ó bí i kúrò: àwọn ọkùnrin inú aṣọ ń rìn ní Greenwich Village láìsí ẹnìkan tí ó sọ ìdí tí wọ́n fi múra bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 20 mílíọ̀nù dọ́là ni ó ná wọn, èyí tí ó wọlé padà ní Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì lọ. Àwọn aráàlú tí ó ti kẹ̀yìn sí dísíkò kò wá wò ó, àwọn tí ó ni ìtàn náà kò sì rí ara wọn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá àmì ẹ̀yẹ Golden Raspberry sílẹ̀ fún fíìmù tí ó burú jù, òun ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ní 1981 wọ́n bọ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀ṣọ́ ojú àti aṣọ ìgbà tuntun ṣe àwo kan tí ń jẹ́ "Renaissance". Kò tà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ohun tí ó burú ju àdánù owó lọ dé. Láti 1981 ni àrùn éèdì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn oníjó, àwọn DJ àti àwọn olórin ilé ijó wọ̀nyẹn. Sylvester kú ní 1988, ó sì ti ṣètò kí owó orin rẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí ń tọ́jú àwọn tí àrùn náà mú ní San Francisco. Jacques Morali kú ní Paris ní oṣù Kọkànlá ọdún 1991. Ọmọ ọdún 44 ni.

Àwọn orin náà kò kú. Ẹgbẹ́ olórin Pet Shop Boys tún "Go West", ọ̀kan nínú wọn, kọ ní 1993, àwọn olólùfẹ́ Arsenal sì ti ń fi ohùn rẹ̀ kọ orin "One-nil to the Arsenal" láti 1994, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń wo bọ́ọ̀lù ní Ìbàdàn tàbí Èkó mọ orin tí Morali àti Willis jọ ṣe láìmọ̀ pé tiwọn ni. Ní 2020, Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba Amẹ́ríkà, fi "Y.M.C.A." kún àwọn orin tí Amẹ́ríkà yóò pa mọ́ fún ìran tí ń bọ̀.

Ta ni ó wá ni wọ́n? Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní 1976 fún ẹni tí ó kọ orin ní ẹ̀tọ́ láti gba ìní rẹ̀ padà lọ́wọ́ iléeṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 35. Willis lo òfin náà. Iléeṣẹ́ náà jà á, ṣùgbọ́n ní 2012 adájọ́ kan ní San Diego sọ pé ó lè gba ìpín tirẹ̀ padà láìdúró de àwọn yòókù, ní 2015 ìgbìmọ̀ àwọn aráàlú tí ó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà sì sọ pé Belolo kò bá wọn kọ orin 13, tí "Y.M.C.A." wà lára wọn. Ìdajì ìní wọn di ti Willis. Ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń bo ti gbogbo ènìyàn mọ́lẹ̀ lónìí nìyẹn: Morali ti kú, Belolo náà kú ní 2019, ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ orin nìkan ni ó kù láti sọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Nígbà tí Trump bẹ̀rẹ̀ sí í lo orin náà ní ìpàdé ìpolongo rẹ̀, Willis kọ́kọ́ ní kí ó dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó yá, ó yí ohùn padà, ó sì sọ ọ́ gbangba pé owó ńlá ni ìlò náà ti mú wá.

Ní 2017, Willis gba àṣẹ láti lo orúkọ Village People àti aṣọ wọn, àwọn tí ó ti ń fi orúkọ náà ṣeré kiri láti 1987 sì ní láti fi í sílẹ̀. Felipe Rose, ẹni tí Morali wò kí ó tó ronú kan ẹgbẹ́ náà rárá, kúrò nínú rẹ̀ ní ọdún yẹn. Orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tí ó kọ "Y.M.C.A.", nítorí náà owó tí orin náà ń pa fún àwọn tí ó kọ ọ́ kò fìgbà kan dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.